Ogóje

Ẹnu ara mi ló kó bá mi. Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ mi ń lọ ní Ọ̀rà, alága béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo dìde, mo ká agbádá mi sí èjìká, mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí èdè wa kú. Mo sọ fún wọn nípa ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé yọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. "Ẹ̀yin òbí," mo ní, "ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín nílé!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà ọmọ mi pàápàá pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ mi tó wà ní pírámárì kẹta gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé: "Kọ àwọn òǹkà wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀ Yorùbá: 20, 16, 45, 70, 500." Kí n tó jókòó, ó ti kọ "ogún" síwájú 20. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà.

"16," mo ní, "mẹ́fàlélẹ́wàá."

"Dádì, tíṣà ní bó bá ti kọjá mẹ́rìnlá, à ń dín in ni."

"Èwo ni dídín? Ta ló lọ sí yunifásítì nínú àwa méjèèjì?"

Ó dákẹ́. Mo kọ "márùnlélógójì" fún 45. Ọwọ́ mi ti ń yá. Nígbà tí mo dé 70, mo dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wá sọ sí mi lọ́kàn: ogóje. Mo ti gbọ́ ọ rí níbì kan. Ó dùn létí. "Je" sì wà nídìí rẹ̀, bí méje ṣe wà nínú 70. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Mo fi "ọgọ́rùn-ún márùn-ún" parí 500, mo sì dá ìwé padà bí adájọ́ tó dájọ́ tán.

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa obì tí yóò gbé lọ sọ́jà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọmọ tí wọ́n fi sílé kó máa pọn àbúrò ni. Kò wọ ilé ìwé títí dòní. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo wí. Ó kàn wúkọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé padà dé: 1 nínú 5. Èyí kan ṣoṣo tó gbà ni "ogún" tí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ "ogóje", tíṣà fi bírò pupa kọ ọ́ pé: "140 nìyí. Ogún méje." Nísàlẹ̀ pátápátá: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dádì. A ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yín níbi ìpàdé."

Wọ́n ní ara Ogbó ni àwa Ìgbómìnà ti gba orúkọ, àdá tó mọ̀nà, tó ṣíwájú àwọn baba ńlá wa kúrò ní Ifẹ̀. Àdá mọ̀nà nínú igbó kìjikìji. Èmi tí mo ní ojú méjì àti ìwé ẹ̀rí, mo sọnù sínú ìwé ọmọ pírámárì.

"Àníkẹ́," ìyá mi pè, "gbé ìwé yẹn wá. Kí baba rẹ náà máa bọ̀."

Ó ka obì ní márùn-ún márùn-ún títí ó fi di òkìtì mẹ́ta, ogún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ogún mẹ́ta ńkọ́?"

"Ọgọ́ta, Màmá."

Ó mú mẹ́wàá kúrò. "Ó wá ku?"

"Àádọ́ta."

Ó tún mú márùn-ún.

"Márùndínláàádọ́ta!" Ọmọ fò sókè. "Dádì, 45 nìyẹn! Dídín ni!"

Mo ń wo obì. Láti oṣù kan ni mo ti ń fi ariwo kọ́ ọmọ yìí ní ìyọkúrò, n kò sì rò ó rí pé ìyọkúrò ló wà nínú orúkọ òǹkà tí ìyá mi ń pè lójoojúmọ́. Àádọ́rin: ọgọ́rin dín mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta: igba mẹ́ta dín ọgọ́rùn-ún.

"Bí o bá ra àádọ́rin obì lọ́wọ́ mi," ìyá mi ní, "owó ogóje ni mà á gbà. Oníbàárà bíi tìrẹ ṣọ̀wọ́n."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọdé wà nílé mi, àgbà wà níbẹ̀. Èmi alágbádá tí mo jókòó sáàárín ni n kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Ohun tí mo fi Fáfúnwá yangàn lé lórí ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi tipẹ́, pẹ̀lú igbá obì lẹ́sẹ̀.

Ní báyìí, bírò kì í kúrò lọ́wọ́ ọmọ mọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n béèrè pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" kí n sì panu mọ́ títí yóò fi dáhùn. Bí a bá ra ata, òun ló ń ka ṣéńjì. Lálẹ́, òun àti ìyá mi á jọ ka obì.

Lánàá, ó dán èmi náà wò. Mo gba 3 nínú 5. Ó ní kí n lọ ṣe àtúnṣe, kí n kọ "àádọ́rin" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ: mẹ́wàá dín méjì.