Kọ̀ǹpútà Mi Ní Òun Ń Kọrin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí orí mi má baà dàrú. Mo tan orin Sunny Adé lórí láptọ́ọ̀pù mi nílé mi ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Orin ń lọ lójú ẹ̀rọ. Ó ti lo ìṣẹ́jú kan, ó ti lo méjì. Ìlà aláwọ̀ ewé tó ń fi bí ohùn ṣe ròkè tó hàn ń fò sókè fò sódò, ó ń bá gìtá jó. Mo fi etí lé spíkà. Ó pa lọ́lọ́. Ọmọ ọba Oǹdó tí wọ́n ń jó orin rẹ̀ káàkiri àgbáyé, ẹ̀rọ yìí ti sọ ọ́ di odi nínú yàrá mi.

Tó bá jẹ́ pé ó yadi, tó sì gbà pé òun yadi, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa bá a ṣe. Ẹni tó bá yadi a máa fọwọ́ júwe. Tèmi ń jiyàn ni. Mo bi í pé ohùn dà, ó ní ohùn ń jáde. Mo ní ibo ló ń gbà jáde, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí mi lójú pé: Dummy Output. Ẹni tó gbọ́ nípa ẹ̀rọ yìí ló ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí kò bá rí káàdì ohùn kankan nínú ara rẹ̀, á dá ẹnu irọ́ kan sílẹ̀, á sì máa da orin sínú rẹ̀ kí orin má baà dúró. Ìyẹn ni pé ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ó mọ̀, ó sì ń kọrin lọ.

Mi ò kórìíra Linux tó ń darí ẹ̀rọ yìí o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi. Láptọ́ọ̀pù tọ́kùnbọ̀ ni mo rà, Windows tó sì bá a dé kì í ṣe ojúlówó. Láràárọ̀ ló máa ń kọ ọ́ sí igun ojú ẹ̀rọ pé kí n wá fi ẹ̀rí hàn pé mo rà á. Èmi tí mo sanwó, tí mo gba rìsíìtì. Ó sì lọ́ra débi pé mo lè tàn án, kí n lọ ra ẹ̀kọ, kí n padà wá bá a níbi tí mo fi í sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní yunifásítì ló wò ó títí, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n gbé Linux sí i fún yín. Ọ̀fẹ́ ni, sà.”

Ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí létí. Kì í sì í ṣe irọ́. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, kò ju ẹni ọdún 21 lọ, ó ṣì wà ní yunifásítì ìlú Helsinki, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lọ́dún 1991, tó sì gbé gbogbo àṣírí iṣẹ́ náà kalẹ̀ pé kí ẹni tó bá wù wò ó, kó tún un ṣe, kó fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti bá a tún un ṣe láti ìgbà náà kò fojú kan ara wọn rí. Ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, gbé ẹ̀yà Linux tirẹ̀, Ubuntu, jáde lọ́dún 2004. Nígbà tó di 2005, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi síídì rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri ayé, wọn kì í gba owó síídì, wọn kì í gba owó ìfiránṣẹ́. Ó di 2011 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Ọkùnrin yìí kan náà ló fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí gbalasa lọ́dún 2002, tó gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, tó sì padà wálẹ̀ láyọ̀. Ẹ wá wo ìyà. Èèyàn lọ sókè ọ̀run, ó dé. Orin ò lè ti inú ẹ̀rọ mi dé ibi spíkà, tí ibẹ̀ kò jìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Kí n má purọ́, gbogbo nǹkan yòókù ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà yá, fáírọ́ọ̀sì ò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́, Wi-Fi rẹ̀ ń mú dáadáa. Ohùn nìkan ni. Ohùn nìkan!

Mo ti wá wádìí ohùn yìí débi pé mo lè di arọ́kìn rẹ̀. Láyé àtijọ́, OSS ló ń bójú tó o. Nígbà ayé OSS, bí áàpù kan bá ti gba ẹnu ẹ̀rọ, àwọn tó kù sábà máa ń dúró dìgbà tó bá ṣe tán. Ọmọ ilẹ̀ Czech kan, Jaroslav Kysela, bẹ̀rẹ̀ ALSA lọ́dún 1998, wọ́n sì gbé e wọ inú Linux gan-an nígbà tí ẹ̀dà 2.6 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2003. Èèyàn á rò pé ó parí síbẹ̀. Lennart Poettering, ará Jámánì, tún gbé PulseAudio lé ALSA lórí. Ubuntu gbà á wọlé ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, ariwo tó sì tẹ̀ lé e kì í ṣe ti spíkà. Lẹ́yìn náà ni Wim Taymans, ọmọ ilẹ̀ Belgium, gbé PipeWire dé, Ubuntu sì fi í rọ́pò PulseAudio nínú ẹ̀dà oṣù Kẹwàá ọdún 2022. PipeWire kò dá wá, ó mú WirePlumber lọ́wọ́, èyí tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti pinnu ibi tí ohùn máa gbà.

Ọ̀rọ̀ ohùn wá dà bíi fáìlì owó ìfẹ̀yìntì. Ó kúrò lọ́wọ́ olórin, ó dé ọ̀dọ̀ PipeWire. PipeWire ní òun ti buwọ́ lù ú, ó ku WirePlumber. WirePlumber ní òun ti fi í ránṣẹ́ sí ALSA. ALSA ní òun ti gbé e fún káàdì. Káàdì ní òun ò rí ohun tó jọ ọ́. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn, kò sì sí owó.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ wá rí káàdì rẹ̀, mo ṣí alsamixer, ojú ewé dúdú kan tó kún fún òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́: Master, Headphone, Speaker, PCM. Lábẹ́ òpó tó lẹ́nu ọ̀rọ̀, ẹ máa rí 00. Lábẹ́ èyí tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́, ẹ máa rí MM. MM ló wà lábẹ́ Speaker tèmi. Mo tẹ M, ó di 00. Inú mi dùn. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, MM ti padà sáyè rẹ̀. Ìgbà tí mo wádìí síwájú ni mo gbọ́ pé bí àwọn tó ṣe ALSA ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: tó bá kọ́kọ́ dé orí ẹ̀rọ, gbogbo ẹnu ló máa ń pa mọ́, ó dọwọ́ ẹni tó ni ín láti lọ ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn ní Oǹdó, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ké ná lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi.

Ọjọ́ tí kò bá jẹ́ MM, HDMI ni. Ihò HDMI tí wọ́n ń gbà so tẹlifíṣọ̀n mọ́ láptọ́ọ̀pù ní ọ̀nà ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí wáyà kan náà ló ń gbé àwòrán àti ohùn. Ẹ̀rọ lè ka ìyẹn sí káàdì àkọ́kọ́, kó máa da gbogbo orin síbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wo? Mi ò so tẹlifíṣọ̀n kankan mọ́ ọn. Èyí tí mo ní, láti ọjọ́ tí iná ti ya lù ú ni àwọn ọmọ ti ń to ìwé lé e lórí. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù mi gbà pé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà níbì kan nínú ilé yìí tó ń gbádùn ara rẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà kan lójú ọ̀nà Ọba Adéṣidà.

“Spíkà ti jó, Ẹ̀gbọ́n. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

“Báwo lo ṣe mọ̀? O ò tíì tú u.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń dún ni?”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ háàdì mi, kó fi tirẹ̀ tí Windows wà lórí rẹ̀ sí i ná. Ó fi í sí i. Ohùn bú jáde, gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bojú wẹ̀yìn. Ó fọwọ́ họ orí. Ó dín owó sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

Ní Oǹdó, nígbà tí mo lọ kí àwọn ará ilé, mo tún gbé e fún òmíràn ní Yàbá. Ìyẹn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Bàbá, ta ló ṣe èyí fún yín?” Mo ní ọmọ mi ni. Ó mi orí, ó ní kí n gbé Windows padà sí i kí n lè rí ìsinmi. Nílé, Yèyé mi wo èmi, wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe etí ẹ?”

Báwo ni ẹ̀rọ tó dún dáadáa lábẹ́ Windows ṣe wá di odi lábẹ́ Linux? Ibi tí inú ti ń bí mi gan-an rèé. Lọ́dún 2004, Intel gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HD Audio, kí gbogbo káàdì ohùn lè máa gbọ́ èdè kan náà. Ó dáa. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ẹyọ kékeré kan tí Realtek ṣe ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ó ní ẹsẹ̀ púpọ̀: ọ̀kan fún spíkà, ọ̀kan fún ìyapíìsì, ọ̀kan fún máíkì. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó to láptọ́ọ̀pù ló ń pinnu ẹsẹ̀ tí wọ́n máa so spíkà mọ́, àti ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí kí ampilifáyà inú rẹ̀ tó dìde. Wọ́n lè ṣe é báyìí lọ́dún yìí, kí wọ́n ṣe é lọ́nà mìíràn lẹ́ẹ̀míì. Àlàyé rẹ̀ á wà nínú dráífà tí wọ́n ṣe fún Windows. Linux á máa fọwọ́ tá a.

Nínú iṣẹ́ Linux, àkọsílẹ̀ kan wà tí orúkọ láptọ́ọ̀pù kún inú rẹ̀ bámúbámú, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àìsàn rẹ̀ àti oògùn rẹ̀: ti eléyìí, ẹsẹ̀ báyìí ni spíkà rẹ̀ wà, ti tọ̀hún, ẹ kọ́kọ́ jí ampilifáyà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnìkan tí irú rẹ̀ ń yọ lẹ́nu ló jókòó tì í, tó tú àṣírí rẹ̀, tó fi í ránṣẹ́ kí wọ́n fi kún un. Bí ẹni tó ní irú tìrẹ kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kàn ọ́ nìyẹn. Èmi ni ọjọ́ kàn. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti lò kú ní ọ́fíìsì òyìnbó, tí wọ́n jù sínú kọ̀ntéénà, tó gba Èkó dé Àkúrẹ́, ta ló fẹ́ wá ẹsẹ̀ spíkà rẹ̀ bá mi? Àwọn tuntun pàápàá ń béèrè fáìlì àkànṣe kí wọ́n tó lanu; nítorí irú wọn ni Intel ṣe gbé Sound Open Firmware jáde ní gbangba lọ́dún 2018. Mi ò dá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ́bi o. Ẹni tó gba owó láptọ́ọ̀pù, tó wá di ìwé ibi tí wáyà gbà mọ́nú, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Àmọ́ bí mo bá dá a lẹ́bi títí di ọ̀la, spíkà ò ní tìtorí ẹ̀ dún.

Gbogbo èyí ì bá ṣeé fara dà tí kì í bá ṣe ti ìpàdé ẹbí. Orí Zoom la ti máa ń ṣe é nítorí àwọn tó wà ní London àti Houston, èmi sì ni akọ̀wé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, iná kò sí, fóònù mi ti kú, bátìrì láptọ́ọ̀pù ló ṣẹ́ kù. Mo wọlé, mo rí gbogbo wọn, ẹnu ń lọ, ohùn ò sí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa, kò sẹ́ni tó ń ka ìwé níbi ìpàdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n dijú, wọ́n ṣe àmín, èmi náà ṣe àmín. Nígbà tó yá, gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n tejú mọ́ mi. Mo mi orí. Olórí ẹbí tún sọ nǹkan kan. Mo tún mi orí. Ni wọ́n bá bú sí àtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston dìde dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún mi.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba ìsinmi, ó yà wá. Ó wo orúkọ ẹyọ Realtek tó wà nínú ẹ̀rọ, ó ṣí fáìlì kan lábẹ́ /etc/modprobe.d, ó kọ ìlà kan ṣoṣo síbẹ̀ tó fi sọ fún dráífà irú láptọ́ọ̀pù tó yẹ kó ka èyí sí. Ó pa ẹ̀rọ, ó tàn án. Ohùn bọ́.

“Ìlà kan péré?”

“Ìlà kan ni, sà. Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ wá rí i pé Linux dáa?”

Mi ò dá a lóhùn. Mo wá ohun tí mo lè fi dán ẹ̀rọ wò, ọwọ́ mi sì kan fídíò ìpàdé ẹbí tí àwọn ará London ká sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn já gaara. Olórí ẹbí ní òrùlé ilé ẹbí ti ń jò, páànù rẹ̀ ti gbó, gbogbo wa la máa dáwó, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà sílẹ̀ kí káfíńtà tó gun òkè. Wọ́n ní, “Akọ̀wé, ìwọ lo sún mọ́lé jù. Àkúrẹ́ sí Oǹdó ò jìnnà. Ṣé o gbà?” Gbogbo ilé dákẹ́. Mo rí ara mi lójú ẹ̀rọ pẹ̀lú fìlà lórí, mo ń mi orí. Wọ́n ní, “Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la?” Mo tún mi orí.

Mo pe olórí ẹbí. Mo ṣàlàyé ALSA fún wọn, mo ṣàlàyé PipeWire, mo ṣàlàyé ẹsẹ̀ Realtek látòkè délẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n ní, “Ó dáa, ọmọ mi, mo ti gbọ́. Káfíńtà ti kan páànù tán. Ó wà lọ́dọ̀ mi níbí, ó fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀.”