Ta Lẹ Bá Fowó Lé?

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, ẹ jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́ díẹ̀. Nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ APC fún ipò ààrẹ lọ́dún 2022, ọmọ Ẹ̀gbá wo lẹ bá fowó lé? Mẹ́ta ló ra fọ́ọ̀mù, ₦100 mílíọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbá tó ń ná kóńgò láfún kan láti àárọ̀ dọ̀sán ní Láfẹ́ńwá!

Ìbíkúnlé Amósùn ni mo kọ́kọ́ fojú sí. Ó ti ṣe gómìnà fún ọdún mẹ́jọ, sẹ́nétọ̀ ni nígbà náà, fìlà rẹ̀ nìkan sì tó ìbò ogún: kí ọkùnrin náà tó sọ̀ nínú ọkọ̀ ní Eagle Square l'Ábùjá, fìlà á ti dórí pèpéle. Ìgbà tó di pé kó sọ̀rọ̀, ó ní òun yọ̀ǹda fún Tinúbú. Ẹnì kejì wọn, Dímèjì Báńkọ́lé, náà yọ̀ǹda. Àwọn méjèèjì, ẹ kú ìnáwó o.

Pásítọ̀ Túndé Bákàrè kò yọ̀ǹda fún ẹnì kankan. Láti 2019 ló ti ń wí pé Buhari ni ààrẹ ìkẹẹ̀ẹ́dógún, òun sì ni ìkẹrìndínlógún. Ẹ̀yin oníbàárà Bàbá Ìjẹ̀bú, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: 16 lèèyàn ta, 0 ló jáde. Òdo gbáko! Kò sí dẹ́lígéètì kan tó tilẹ̀ ṣèèṣì dìbò fún un.

Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ará Ìkẹ́nnẹ́, tí kì í ṣe Ẹ̀gbá, ńkọ́? Ẹnu rẹ̀ dùn, ìwé kún orí rẹ̀, igbákejì ààrẹ sì ni nígbà náà. Ìbò 235.

Ẹni tó gbégbá orókè, àlejò wa ni. Ní June 2, Tinúbú wá bá àwọn dẹ́lígéètì ní Ìbarà l'Abẹ́òkúta, ó fi Yorùbá gidi sọ ọ́: èmi ló kàn. Àwọn olùdíje yòókù ń sọ pé àwọn aráàlú ló ní káwọn wá. Òun sọ tinú ẹ̀. Ó tún nawọ́ sí Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó pè é ní “eléyìí”, ó ní ṣé ì bá di gómìnà láìsí òun? Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ìdìbò bẹ̀rẹ̀ l'Ábùjá: 1,271 ló kó.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún ń ta fọ́ọ̀mù, ẹ má wo gíga fìlà, ẹ má sì wo ìran pásítọ̀. Ẹni tó bá lè pe gómìnà ní “eléyìí” nínú ìlú gómìnà, tí ilẹ̀ kò sì mì, òun ni kẹ́ ẹ fowó lé.