Olè Ló Sáré, Olóhun Ló Sanwó

Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ẹni tí wọ́n jà lólè ni wọ́n fi ń tù nínú: ṣe sùúrù, ọjọ́ ń bọ̀ tí ọwọ́ á tẹ olórí burúkú náà, ìwọ á sì yọ̀. Ó dá mi lójú pé àwọn àgbà wọ̀nyí kò wọ danfo kọjá Ìyànà Ìbà rí ní aago méje àárọ̀. Níbẹ̀, ọjọ́ gbogbo ni ti dírẹ́bà. Ọjọ́ kan tó ṣẹ́ kù, ti ẹni tó lọkọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ ẹkún ló ń sun lọ́jọ́ náà.

Ẹ wo ọ̀nà Badagry láti Abúlé Àdó dé Òkòkòmáíkò. Láyé Gómìnà Fáṣọlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin á gba àárín rẹ̀ láti Marina títí dé Òkòkò. Ní September 2023, ọkọ̀ ojú irin ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, àmọ́ Mile 2 ni ìpele àkọ́kọ́ parí sí. Àwa ará Àjàngbádì wá di ti danfo. Bí gó-sílò bá ti dì, dírẹ́bà á yọ orí síta wo iwájú, kọ̀ńdọ́ á gbá ara ọkọ̀ gbàmù: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀! LASTMA ò tíì jí!” Ó di one-way, ká dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ìyá tó gbé agbọ̀n tòmátì sẹ́sẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù. Bí wọ́n bá yọ sí ibùdókọ̀ Vólks láyọ̀, òun náà ló máa kọ́kọ́ sọ pé, “Dírẹ́bà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ.”

Ìjọba Èkó kò dákẹ́ o. Ọdún 2000 ni wọ́n ti dá LASTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó, sílẹ̀. Lọ́dún 2012, Fáṣọlá buwọ́ lu òfin ìrìnnà tó fi ẹ̀wọ̀n sí one-way, tó sì ní ìjọba lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá dán an wò. Gómìnà Ambode tún òfin ìrìnnà ṣe lọ́dún 2018. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń kó àwọn tó gba one-way lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yaba kí dókítà yẹ orí wọn wò. Èmi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá fẹ́ yẹ orí gbogbo ẹni tó ń gba one-way ní PPL nìkan wò, ibùsùn Yaba kò ní gbà wọ́n, àfi ká yá ti Aró kún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tí LASTMA bá yọ lójijì, kí ni dírẹ́bà ń ṣe? Á fò bọ́ sílẹ̀, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, tòun ti kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kò lẹ́sẹ̀ tí í fi sá. Òun ni wọ́n á wọ́ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, dírẹ́bà á jẹ ẹ̀bà rẹ̀, á sì wá ọkọ̀ mìíràn wà lọ́la. Ẹni tó fi owó àjọ àti owó kóópù ra danfo náà ni yóò máa to ìlà ní ọ́fíìsì, tí yóò máa bẹ ọmọ tí kò tó ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba á lu ọkọ̀ náà ní gbàǹjo. Ẹ lọ síbi gbàǹjo bẹ́ẹ̀ kí ẹ wo ẹni tó ń nu ojú. Ẹ ò ní bá dírẹ́bà kan níbẹ̀.

Ní báyìí, kámẹ́rà ti dé. Lọ́dún 2025, ìjọba ní kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ ti ń ṣọ́ àwọn tó ń sá eré àsápajúdé ní Alápẹrẹ àti ní ọ̀nà Nurudeen Olowopopo ní Aláùsá, ₦50,000 sì ni owó ìtanràn. Kámẹ́rà kì í gba rìbá, kì í lọ jẹun ọ̀sán. Ìkà kan ṣoṣo ló ní: kò mọ ojú ènìyàn. Nọ́ńbà ló mọ̀, orúkọ tó bá sì wà nídìí nọ́ńbà ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ bá.

Ẹ jẹ́ ká mú Alàájì kan ní Àjàngbádì tó ta Kámúrì “Big Daddy” rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tòun ti nọ́ńbà JJJ tí wọ́n fún un ní Ọ̀jọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láàárọ̀, Alàájì pe ẹni tó tà á fún.

“Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo sáré ní Aláùsá?”

“Ẹ káàárọ̀ sà. Alàájì, mo ti ta ọkọ̀ yẹn o. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi náà ti tà á.”

“Ta ló wá ń wa ọkọ̀ mi?”

“Kì í ṣe ọkọ̀ yín mọ́, sà.”

“Orúkọ mi ńkọ́?”

“Ìyẹn ṣì jẹ́ tiyín, sà.”

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyí. Bí Alàájì yìí bá fẹ́ ta ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ní Ṣíbírí, á pe lọ́yà, á pe mọ̀lẹ́bí, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tẹ̀ka. Ọkọ̀ tó lè pa ènìyàn lójú títì ńkọ́? Owó bọ́ sọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́, “Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn ẹ̀,” ó parí. Ìwé tí à ń pè ní ṣéńjì ọ́fù ónáṣíìpù, owó ni wọ́n ní ó máa ná àwọn, wọ́n sì gbé e jù sílẹ̀.

Ní ìlú Ọba pàápàá, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí. Àmọ́ òfin ìrìnnà wọn ti ọdún 1988 ní kí onítọ̀hún dárúkọ ẹni tó wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì fún un. Owó ìtanràn ti páàkì tí kò tọ́, bó bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14, ìdajì ni. Ọmọ wa tó wà ní Peckham mọ èyí bí ẹni mọ Àdúrà Olúwa. Kì í jẹ́ kí ọjọ́ kẹrìnlá kọjá. Bó bá wálé ní December, tó háyà ọkọ̀, òun ni mo rí tó gba one-way ní Báráàkì, tó ń sọ pé “Naija ni jàre.”

Àwọn tó gbọ́n ju kámẹ́rà lọ náà wà. Òmíràn á tẹ nọ́ńbà rẹ̀ po, òmíràn á jẹ́ kí ẹrẹ̀ Ilọ́gbò bò ó títí tí 3 fi jọ 8. Ẹlòmíràn á ní kí nìdí òun fi máa sanwó, ṣebí ilé ẹjọ́ ti lé àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró kúrò lójú títì! Abẹ́ igi mẹkáníìkì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Òótọ́ ni pé ní October 2024, Adájọ́ Evelyn Maha dájọ́ pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé awakọ̀. Àmọ́ àwọn VIO, ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ti Abuja ló ń bá wí. Àwọn tí mo bá lábẹ́ igi yẹn kò tilẹ̀ mọ̀nà Abuja.

Owó ìtanràn ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó rọrùn díẹ̀: fóònù létí, ₦4,000, láìde bẹ́líìtì, ₦2,000, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́, báńkì ni wọ́n ní kí o lọ. Àmọ́ inú ihò iwájú ọkọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì ń sùn sí, láàárín páálí gúgúrú àti ìwé ìpè sí ìsọjí, títí tí yóò fi ṣá. Ẹni tí kò bá sùn lé e, á wá ẹni tí yóò “bá a yanjú ẹ̀” lábẹ́ bíríìjì. Ó san ₦10,000 sínú àpò gbájúẹ̀ kan, kò gba ìwé kankan. Gbèsè náà wà lórí kọ̀ǹpútà ìjọba bó ṣe wà, kò dín kọ́bọ̀.

Alàájì wa kò tẹ̀ lé irú wọn. Ó wẹ̀, ó wọ agbádá, ó lọ sí ọ́fíìsì láti lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Akọ̀wé náà ṣàánú rẹ̀, ó fún un ní àga. Ó ní ẹjọ́ kékeré ni, kí bàbá ṣáà mú ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà báyìí wá, kí ó wá tọwọ́ bọ̀wé. Alàájì pe ẹni àkọ́kọ́, ẹni àkọ́kọ́ fún un ní nọ́ńbà ẹnì kejì, ẹnì kejì fún un ní ti ẹnì kẹta. Ẹnì kẹta gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó kí bàbá dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ilé. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun ti gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, Kútọnu lòun wà, ọkọ̀ náà sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.