Ìdí Máńgòrò Tí Kò Ní Máńgòrò Mọ́

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, fèrèsé Bàbá Onílé ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n gé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, àbí? Ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri ni pé gbòǹgbò rẹ̀ ti ń yọjú sí sókáwéè, pé ẹ̀ka rẹ̀ sì ń ha páànù. N ò ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ti àkọ́bí Bàbá tó ti Èkó gbé mọ́tò tuntun wálé, tó lọ gbé e sábẹ́ máńgòrò nínú oṣù kẹrin tí èso ń já wàràwàrà, tí ọ̀kan sì já lu gíláàsì iwájú rẹ̀. Èmi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Etí mi ló ṣe nígbà tó ní, "Dádì, igi yìí tàbí èmi!" Kí ọ̀sẹ̀ ó tó yí po, àwọn agégi ti dé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì wọn.

Gígé náà kò pẹ́. Bàbá kò fẹ́ sanwó, ó ní kí wọ́n máa kó igi náà lọ bí owó iṣẹ́ wọn. Wọn kò kó o kọjá oríta o! Ìyá Olóúnjẹ ló rà á lọ́wọ́ wọn. Bàbá ń jẹ àmàlà níbẹ̀ lójoojúmọ́, igi rẹ̀ ni wọ́n fi ń se é fún un, òun náà ló sì ń sanwó. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì la tó mọ iṣẹ́ tí igi náà ń bá wa ṣe. Oòrùn tó ti ń wá ọ̀nà wọ yàrá Alhaja láti ọjọ́ yìí ráyè wọ̀ ọ́. Páànù gbóná, iná kò sí, fáànù dúró lókè ó ń wò wá. Alhaja ń ráhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sá aṣọ lóòjọ́ báyìí, mo rí i. Ẹni tí kò ráhùn nínú àwa ayálégbé ni Ìyá Ìbejì. Abẹ́ máńgòrò yẹn ló gbin ewé mọ́ínmọ́ín rẹ̀ sí, ewé tí kì í fẹ́ kúrò lábẹ́ ibòji. Oòrùn jó o létí, ó pọ́n, ó gbẹ. Ìyá Ìbejì kàn fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò ó. Obìnrin tó bá dákẹ́ báyẹn ni mo máa ń bẹ̀rù.

Àwọn ọlọ́kadà ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. "Ilé onímáńgòrò" ni wọ́n ṣì ń pè wá. Kí ni n bá sọ? Ìbàdàn yìí náà la wà, a ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀, a ní Ìdí Apẹ́, a ní Ìdí Ayùnrẹ́. Ẹ lọ sí Èkó, ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìdí Àràbà, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ sì ń pariwo Ìdí Máńgòrò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìdí Ìrókò ni ẹ ó gbà bí ẹ bá ń bọ́ sí orílẹ̀-èdè Benin. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìdí igi àjàgbọn ni Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, kọ́ ahéré rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ìlú ti fẹ̀ jáde. Igi ló kọ́kọ́ ń débẹ̀, onílé á wá bá a. Èyí ni mo rò tí mo fi ní kí Bàbá rọra, ṣùgbọ́n ta ni ń gbọ́ ti ayálégbé?

Ẹ jẹ́ kí n padà. Àkọ́bí yìí ti rí àgbàlá kan nínú fóònù rẹ̀: íńtálọ́ọ̀kì láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé, koríko káápẹ́ẹ̀tì bíńtín létí ògiri, kò sí ewé gbígbẹ tí èèyàn ó gbá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà ó ṣe rí. Bàbá Agíríìkì, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, jáde nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì. Ó ní kí wọ́n hú kùkùté náà pátápátá, torí máńgòrò tí a gé lè tún rúwé, tí kò bá sì rúwé, ikán á wá jẹ ẹ́, bí ikán bá sì jẹ ẹ́ tán, férémù ilẹ̀kùn ló kàn. Ó ní kí wọ́n dí kòtò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n bu omi sí i, kí wọ́n gún un kó dì, kí wọ́n tún dí i. Ó ní gbòǹgbò tó kù lábẹ́lẹ̀ kò ní jẹrà lọ́dún kan, bó bá sì ṣe ń jẹrà ni ilẹ̀ á máa rì, nítorí náà kí wọ́n jẹ́ kí òjò ọdún kan ó kọ́kọ́ rọ̀ sí i kí wọ́n tó to òkúta lé e.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n Bàbá Agíríìkì jẹ owó ilé oṣù bíi mélòó kan, ẹni tó bá sì jẹ onílé lówó kì í gba onílé nímọ̀ràn. Àwọn lébìrà fi dígà gbẹ́ ìdajì kùkùté, wọ́n fi àáké gé ìyókù sísàlẹ̀ ilẹ̀, wọ́n da yanrìn, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti pàǹtírí sí i, ó parí. Bíríkìlà to íńtálọ́ọ̀kì lé e. Ó dán o, n ò ní parọ́. Àwa náà yà fọ́tò.

Òjò ńlá ló dá ẹjọ́ náà. Tẹ́lẹ̀, ewé máńgòrò ló ń kọ́kọ́ gba òjò ká tó gbà á, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á rọra mu ún. Báyìí, àgbàlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òkúta tán, omi kò ríbi wọ̀, ó gba yàrá Alhaja lọ. Ẹni tó bá sì ti wà ní Ìbàdàn nínú oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa ya, tàbí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí àgbàrá gbé afárá lọ, kì í bá omi ṣeré. Alhaja lọgun títí àdúgbò fi jí. Ilẹ̀ mọ́, àkọ́bí Bàbá ní òun ń padà sí Èkó, ó fi mọ́tò sẹ́yìn báyìí, ojú kùkùté rì gbì! Táyà ẹ̀yìn wọlẹ̀ dé ìdajì. Èmi ni mo sáré lọ pe àwọn tó gbé e. Kì í ṣe pé mo fẹ́ wò ó o.

Ẹ wá wo Ìyá Ìbejì. Igun kan wà tí bíríkìlà fi sílẹ̀ nítorí òkìtì èérún igi tí ẹ́ńjìnnì dà síbẹ̀. Ó lọ tọrọ ibẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, Bàbá ní kó máa lò ó, ṣebí pàǹtírí ni. Ó ro èérún igi náà mọ́ ilẹ̀, ó gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí i. Gbogbo rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo ti ń ronú pé ayé ló ń ṣe é, mo tilẹ̀ ti mọ ẹni tí mo fura sí, Bàbá Agíríìkì ló ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní igi tútù tó bá ń jẹrà nínú ilẹ̀ ń fa náítírójìn tó yẹ kí ewé jẹ. Kó kó èérún náà jáde, kó máa tẹ́ ẹ sójú ebè nìkan kí ilẹ̀ má baà tètè gbẹ, kó sì wá ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ó ṣe é. Àwa la ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Ó gbin kooko ọba sí ibi tí ilẹ̀ ti dagun kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ, ó fi kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀bá gọ́tà tí omi ń gbà, ó to pèrègún yí i ká. Nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ga tán, ó kó ìyókù ewé mọ́ínmọ́ín rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ewé náà sì tún rú. Èyí tó kẹ́yìn ló dùn mọ́ mi jù: ó ra máńgòrò kékeré, èyí tí wọ́n fi ẹ̀ka òmíràn lẹ̀ mọ́ nídìí, ó gbìn ín sí igun odi, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 30 sí ilé àti sókáwéè. Irú rẹ̀ lè so láàárín ọdún 3 sí 5, kì í sì í ga tó èyí tó hù láti inú kóró.

Ní báyìí, bí àlejò bá dé, ibẹ̀ ni Bàbá ń mú wọn lọ, á ní, "Ẹ wo bí a ṣe tún un ṣe." A! Lóṣù tó kọjá ló wá ní níwọ̀n ìgbà tí àgbàlá ti rẹwà, owó ilé á gòkè díẹ̀. Àti ti Ìyá Ìbejì o! Ó ni ilé, ó ni ilẹ̀, n ò bá a jà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àgbàlá yìí, Ìyá Ìbejì ló jàre, ẹ má sì sọ fún Bàbá pé èmi ni mo dá ẹjọ́ náà.