Mo Tọrọ Àforíjì Lọ́wọ́ Géèjì Ọ́ìlì

Nínú gbogbo ìwà òmùgọ̀ tí mo ti hù sí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ńláńlá, kò sí èyí tó ná mi lówó tó ìjà tí mo máa ń bá géèjì prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì jà. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti wálẹ̀, tí iná pupa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọpọlọ mi a jókòó, ẹnu mi a dìde. Mo ti fẹ̀sùn kan pọ́ńpù, mo ti fi kan ẹni tó ta ọ́ìlì, mo ti fi kan mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà kẹ́yìn, kí n tó rántí pé ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan kò tíì fà yọ. Ohun tí àwọn àṣìṣe wọ̀nyí fi yé mi ni pé prẹ́ṣọ̀ tó lọ sílẹ̀ kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, ẹlẹ́rìí ni. Ẹni tó bá dájọ́ kó tó gbọ́ ẹ̀rí, bó ti wù kó mọ sípánà lò tó, ibi tí kò ṣẹ̀ ni yóò máa tú. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní àríyànjiyàn nínú: kí a pa ẹ́ńjìnnì náà lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè ló kàn.

Ẹ̀sùn tó yá lẹ́nu mi jù ni pé pọ́ńpù ti kú. Ó dùn ún sọ, torí ó jọ pé inú pọ́ńpù ni prẹ́ṣọ̀ ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ pọ́ńpù ni kó máa ti ọ́ìlì lọ. Ibi tí ọ́ìlì náà bá ti pàdé ìdíwọ́ ni prẹ́ṣọ̀ ti ń dìde. Ẹni tó bá ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi rí mọ̀ ọ́n: ẹ̀rọ tó ń fa omi kò yí padà, àtàǹpàkò ló fún omi náà lágbára tó fi ń ta jìnnà. Nínú ẹ́ńjìnnì, ìdíwọ́ yẹn ni àlàfo tín-ín-rín tó wà láàrin kíráǹkì àti bẹ́ríǹgì rẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, tàbí tí kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ìṣàn ohun olómi sì fi hàn pé bí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀ di ìlọ́po méjì, tí ohun gbogbo yòókù wà bó ṣe wà, ọ́ìlì tó ń gba ibẹ̀ jò yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Pọ́ńpù tuntun wo ni yóò borí ìyẹn? Síbẹ̀, èmi ni mo máa ń ra pọ́ńpù fún àìsàn bẹ́ríǹgì, tí n ó tún máa yangàn pé ojúlówó ni mo rà.

Èrò òdì kejì tí mo gbé kiri pẹ́ ni pé prẹ́ṣọ̀ tí géèjì ń fi hàn ló ń gbé kíráǹkì sókè kí irin má baà fara kan irin. Beauchamp Tower, ẹnjiníà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti tú irú èrò yìí ká láti ọdún 1883. Ó ń dán bẹ́ríǹgì wò fún ẹgbẹ́ Institution of Mechanical Engineers, ó sì lu ihò sí orí bẹ́ríǹgì náà kí ọ́ìlì lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Dípò kó wọlé, ńṣe ni ọ́ìlì ń ru jáde. Ó fi igi dí ihò náà, ọ́ìlì ti igi náà kúrò. Ká ní èmi ni, igi tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni n bá wá, n bá sì fi òòlù kàn án mọ́lẹ̀. Tower de géèjì mọ́ ibẹ̀ ní tirẹ̀, abẹ́rẹ́ sì kọjá 200 psi, nígbà tó jẹ́ pé bí a bá pín ẹrù tó wà lórí bẹ́ríǹgì náà dọ́gba, 100 psi ló máa jẹ́. Kò sí pọ́ńpù níbẹ̀ rárá. Ọ̀pá tó ń yí nínú ọ́ìlì ló ń fa ọ́ìlì wọ abẹ́ ẹrù fúnra rẹ̀. Ní 1886, Osborne Reynolds gbé ìṣirò ọ̀rọ̀ náà jáde. Pọ́ńpù ń bọ́ bẹ́ríǹgì ni; yíyí kíráǹkì ló ń fún ọ́ìlì ní prẹ́ṣọ̀ tó ń gbé ẹrù. Nọ́ńbà ojú géèjì ń ròyìn bí ọ́ìlì ṣe ń débi tó ń lọ àti bó ṣe ń jò, nítorí náà ẹni tó bá fi ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí gbé nọ́ńbà náà sókè, ìròyìn ló yí, kò tún bẹ́ríǹgì ṣe.

Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ́ìlì tó ki. Lórí ìwọ̀n kíki ọ́ìlì ti SAE, ọ́ìlì 40 tó gbóná dé 100°C gbọ́dọ̀ wà láàrin 12.5 àti 16.3 cSt, 50 bẹ̀rẹ̀ láti 16.3, kò sì gbọdọ̀ tó 21.9. Bí mo bá da 50 síbi tí 15W-40 ń gbé, abẹ́rẹ́ a gòkè, àyà mi a balẹ̀, n ó sì gba ìkíni ọ̀gá lọ́wọ́ awakọ̀. Bẹ́ẹ̀ àlàfo kò dín kù rárá. Bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì ló ń jò láti ara ínjẹ́tọ̀ wọ inú ọ́ìlì, kò ní torí 50 dáwọ́ dúró. Yóò sọ 50 náà di ṣíṣàn láìpẹ́. Irú ìjò yìí ló fún mi ní ayọ̀ òmùgọ̀ tó pọ̀ jù: bí ọ̀pá ìwọn bá fi hàn pé ọ́ìlì ń ròkè, n ó máa polongo pé ẹ́ńjìnnì tèmi kì í mu ọ́ìlì, pé ńṣe ló ń bí sí i. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń bí ọ́ìlì. Imú mi ì bá ti sọ fún mi, ká ní mo gbé ọ̀pá náà sún mọ́ ọn. Ọ́ìlì tó ki jù tún ní ẹ̀bi tirẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá tutù ní òwúrọ̀, kì í tètè dókè, ó sì lè fipá ṣí fáàfù tó wà fún fílítà tó dí, kí ọ́ìlì tí a kò sẹ́ máa lọ bá bẹ́ríǹgì tààrà.

Báwo ló ṣe yẹ ká gbọ́ ẹ̀rí náà? Ìbéèrè tí owó rẹ̀ kéré jù ni kó ṣáájú. Ṣé ọ́ìlì pé, ṣé ó lé, kí ló ń rùn, ṣé omi rédíétọ̀ ti sọ ọ́ di funfun? Èyí tó tẹ̀ lé e, tí èmi máa ń fò, ni kí a tú sẹ́ńsọ̀, kí a de géèjì mìíràn tó dájú sí ihò rẹ̀, torí sẹ́ńsọ̀ tó bàjẹ́ tàbí wáyà tó já lè parọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí a wọ̀n ọ́n nígbà tó ń yí jẹ́jẹ́ àti nígbà tí a bá tẹ tọ́tù, kí a sì fi wé ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì náà sọ. Bí prẹ́ṣọ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ gan-an jẹ́ ẹ̀rí. Bó bá dára ní òtútù, tó wá ń wálẹ̀ bó ṣe ń gbóná, pàápàá tí a kò bá tẹ tọ́tù, ọ́ìlì ti ṣàn jù tàbí àlàfo ti fẹ̀. Bí kò bá gòkè rárá bó ti wù ká tẹ tọ́tù tó, ká fura sí fáàfù prẹ́ṣọ̀ tó há ní ṣíṣí, sí ọ̀pá ìfàmu ọ́ìlì tó dí, tàbí sí pọ́ńpù. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ afẹ́fẹ́ ni pọ́ńpù ń fà mọ́ ọ́ìlì, ìbáà jẹ́ torí pé ọ́ìlì kò pé, ìbáà sì jẹ́ torí pé ó pọ̀ débi tí kíráǹkì fi ń nà án di fóòmù. Lẹ́yìn èyí ni kí a la fílítà. Mágínẹ́ẹ̀tì ni èmi máa ń fi gba inú rẹ̀. Bí kò bá mú nǹkan kan, mo ti ní fílítà mọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, bàbà àti òjé tó ń ṣí kúrò lára bẹ́ríǹgì kì í tẹ̀ lé mágínẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan á ní àwọn ọ̀gá àtijọ́ kò de géèjì kankan, etí ni wọ́n fi ń mọ̀. Mi ò jẹ́ bu etí àgbà kù. Ṣùgbọ́n kí ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì sí etí, irin ti pàdé irin. Etí gbọ́ ikú, kò gbọ́ ibà tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kò sí àyè: tírélà tó ru sìmẹ́ńtì dúró sí Ògèrè, ẹni tó ni ẹrù ń pè lemọ́lemọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wíwọ̀n prẹ́ṣọ̀ kò ní ká tú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, a ó sọ agbada ọ́ìlì kalẹ̀ ká tó rójú pọ́ńpù. Pọ́ńpù náà a sì máa kú lóòótọ́, bí ìdọ̀tí bá ti jẹ eyín rẹ̀. Ẹni tó wọ̀n ọ́n yóò rí i dì mú pẹ̀lú ẹ̀rí. Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹni tó da ọ́ìlì kíki sí ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, tí ọkọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo gbà fún un, bó bá ti wọ̀n ọ́n, tó mọ̀ pé bẹ́ríǹgì ti jẹ, tó sì ń tọ́jú owó àtúnṣe. Ẹni tó mọ ohun tó ń sún síwájú ń ra àkókò. Ẹni tí kò mọ̀ ń ta tẹ́tẹ́.

Ibi tí gbogbo èyí já sí kò dùn mọ́ mi, torí ó ká mi mọ́ ibi tí mi ò tíì yí padà. Bí prẹ́ṣọ̀ bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè lágbára tó bó ṣe yẹ bí a kò bá mọ ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti ń fún wa ní 20 psi ní gbígbóná láti ọjọ́ tó ti dé lè má ní ìṣòro. Èyí tó ń fún wa ní 45 lọ́dún tó kọjá, tó wá di 20, ń ké gbàjarè, kódà bí ìwé bá gba 20 láyè. Ti tòkunbọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí iná pupa kò tàn ló yẹ ká ti máa wọn prẹ́ṣọ̀, ká sì kọ ọ́ sínú ìwé. Iṣẹ́ náà kò ní ariwo, kò ní ẹni tí a ó bú, ẹnikẹ́ni kò sì ní pe ni ní ọ̀gá nítorí rẹ̀. Ó yé mi dáadáa ìdí tí mo fi ń sọ pé n ó bẹ̀rẹ̀ lọ́la.