Dádì Jótbátà

Ẹni tó lè ka Númérì orí 33 parí láì yán ṣọ̀wọ́n. Mósè ló to ibùdó àwọn ọmọ Ísírẹ́lì síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 42: wọ́n ṣí níhìn-ín, wọ́n pàgọ́ sọ́hùn-ún, wọ́n tún ṣí lọ́hùn-ún. Èmi àti ẹ̀yin a máa ń ṣí i kọjá ni, ká lè tètè débi tí ìtàn wà. Àmọ́ ọkùnrin kan wà ládùúgbò yín tí itọ́ máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bó bá ti débẹ̀. Bírò aláwọ̀ mẹ́ta ló fi ń fàlà sábẹ́ orúkọ ibùdó wọ̀nyẹn. Dádì ni gbogbo ìjọ ń pè é, àtàwọn tó tó bí i lọ́mọ pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ogójì ọdún.

Bí ẹ ò bá mọ ojú rẹ̀, ẹ mọ ohùn rẹ̀, torí fèrèsé yàrá yín ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ kọjú sí. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Àwọn pásítọ̀ ńláńlá ò mọ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.” Á wá dákẹ́. Ọmọ tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù á rọra tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. “Nínú èdè Hébérù gan-an gan-an…” Inú fóònù ni Hébérù ọ̀hún ń gbé. Ìwé atọ́ka James Strong tó jáde ní 1890 ni, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń rí i gbà báyìí. Ẹ má ní kó ka lẹ́tà kan ṣoṣo nínú èdè náà. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ló mọ̀.

Ohun tó sì ṣàjèjì nípa rẹ̀ ni pé ibi tí Bíbélì bá ti túmọ̀ orúkọ fúnra rẹ̀, kì í yà síbẹ̀. Ísákì gbẹ́ kànga, ó pè é ní Réhóbótì, ó sì sọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Sámúẹ́lì gbé òkúta nàró, ó pè é ní Ẹbẹnẹ́sérì, òun náà sọ ìdí. Kí ló kù tí Dádì fẹ́ ṣí payá níbẹ̀? Àwọn tó kúrò ní ìjọ St. Paul's ní Breadfruit l'Ékòó ní 1901, tí wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, Bẹ́tẹ́lì ni wọ́n sọ ọ́, ibi tí ọmọdé Sọ́ńdè-sìkúù mọ ìtàn rẹ̀. Ìyẹn ti gbó jù lójú tirẹ̀.

Nígbà tí òun náà fẹ́ dá ìjọ sílẹ̀, ó kọ́kọ́ wo Péníẹ́lì, ó bá méjì ládùúgbò kan náà. Ó wo Réhóbótì, ó bá a lára ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń jó táyà. Ló bá wọ Númérì 33 lọ, ó sì gbé Jótbátà jáde. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó: kò sẹ́ni tó ní in! Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí pátákó dúró tí àwọn ọlọ́kadà fi sọ ọ́ di “Ṣọ́ọ̀ṣì Jó-Bàtá.” Títí dòní, bí ẹ bá ní kí wọ́n gbé yín lọ sí Jótbátà, wọn ò mọbẹ̀. Ẹ ní Jó-Bàtá, wọ́n á gbé yín débẹ̀ tààrà, wọ́n á sì bi yín bóyá ẹ̀yin náà ń bọ Ṣàngó. Deutarónómì sọ pé ilẹ̀ tó kún fún odò ni Jótbátà. Ní ti èyí, orúkọ náà ṣẹ: láti oṣù kẹfà lọ, orí àpótí ọtí ni wọ́n ń to àga ṣọ́ọ̀ṣì sí.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, òun kọ́ ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Origen ti ṣe é ní ọ̀rúndún kẹta. Ìwàásù rẹ̀ kẹtàdínlọ́gbọ̀n lórí Númérì sọ ibùdó 42 náà di àtẹ̀gùn tí ọkàn ń gùn lọ bá Ọlọ́run, ó sì so ó mọ́ ìran 42 tí Mátíù kà dé orí Jésù. Jerome náà kọ lẹ́tà gbọọrọ lórí rẹ̀ fún Fabiola, obìnrin ọlọ́lá kan ní Róòmù tó bi í léèrè. Obìnrin náà kú kí ìdáhùn tó dé. Ṣùgbọ́n Jerome lọ jókòó síwájú àwọn Júù, ó kọ́ èdè wọn. Origen sì ń wá bí ọkàn ṣe ń dàgbà ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé bó bá ti dé ibùdó kẹrìndínlógún, mọ́tò ti dé nìyẹn.

Mọ́tò ni Dádì ń wò ní tirẹ̀. Ẹ mú Ríssà, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó náà. Ìwé kan ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìrì, òmíràn ní ìparun ni. Ẹlòmíràn á sọ pé ó yẹ ká fi èyí sílẹ̀. Dádì ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú ìdúpẹ́, tí àwọn èèyàn gbé àpòòwé wá, ìrì ni. Ní ìṣọ́ òru, tó fẹ́ kí wọ́n gbààwẹ̀, ìparun ni.

Yorùbá ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, òwe yìí kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá bá a rí yàrá méjì ní Àjégúnlẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní àdúgbò náà ò bá ìran òun mu. Àjégúnlẹ̀! Bí orúkọ bá ń ro ìlú bó ṣe ń wí, ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo olówó Èkó máa du ilẹ̀ sí. Lẹ́kì ni Dádì ń wò, kò sì bi fóònù rẹ̀ kí Lẹ́kì túmọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń jẹun jù ni Lódébárì. Ìtàn rẹ̀ ò gùn. Nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 9, Dáfídì béèrè bóyá ẹnì kan ṣẹ́kù nílé Sọ́ọ̀lù tí òun lè ṣoore fún nítorí Jónátánì. Síbà, ìránṣẹ́ ilé Sọ́ọ̀lù, ní Mẹfibóṣẹ́tì ọmọ Jónátánì wà, tó yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ilé Mákírì ọmọ Ámíẹ́lì ló ń gbé ní Lódébárì. Wọ́n lọ mú un wá, ó sì ń bá ọba jẹun. Wọ́n ní orúkọ ìlú náà lè túmọ̀ sí ibi tí kò ní pápá ìjẹko. Ìyẹn ti tó Dádì. Láti orí pápá tí kò sí ló ti dé orí ọkọ tí kò sí, owó tí kò sí, físà tí kò jáde. Ìyá aláta tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọṣẹ́, Lódébárì ló wà. Ọmọ tí máàkì JAMB rẹ̀ ò gbé e wọ yunifásítì, ará Lódébárì ni. Lanlọ́ọ̀dù tó fowó kún owó ilé, òun ni baálẹ̀ ibẹ̀. Ìwé ìléwọ́ jáde: “Alẹ́ Mẹ́ta Ìjádekúrò ní Lódébárì.” Owó ọkọ̀ sì wà níbẹ̀: àwọn tó fẹ́ jókòó síwájú ní iye tiwọn, àwọn tó máa rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn náà ò lọ lófo.

Kó sì ṣí ojú ìwé kan péré sẹ́yìn Númérì 33 tó fẹ́ràn yìí, yóò bá àwọn ọmọ Rúbẹ́nì àti Gádì ní orí 32 tí wọ́n wo ilẹ̀ Gíléádì, tí wọ́n rí i pé ibi ẹran ọ̀sìn ni, tí wọ́n bẹ Mósè pé kó jẹ́ káwọn dúró síbẹ̀. Ìhà ibẹ̀, ní ìlà oòrùn Jọ́dánì, ni Lódébárì wà. Lọ́wọ́ kejì, ó ní ẹlẹ́rìí tí kò mọ̀: Ámósì fi orúkọ ìlú yìí kan náà ṣe yẹ̀yẹ́ ní orí 6 fáwọn tó ń fi ìṣẹ́gun wọn yangàn. Ọ̀pọ̀ Bíbélì ti túmọ̀ rẹ̀ sí ohun asán, orúkọ náà ò hàn síta mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un.

Èmi ò bá a jà nítorí ìtumọ̀. Àwọn ará ìlú ló ń ṣe mí láàánú. Nínú ìwàásù rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé Lódébárì àfi òṣì. Mákírì tó gba arọ sílé, lásìkò tí ọmọ ilé Sọ́ọ̀lù lè kó bá ẹni tó gbà á, kò tiẹ̀ rí i. Orúkọ ìlú ò ní dìde kó ní irọ́ ni. Èèyàn lè dìde.

Ìyá àgbà kan sì dìde, lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Áńgílíkà ni ìyá náà tẹ́lẹ̀, Bíbélì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já ní ẹ̀yìn.

“Pásítọ̀, ẹ má bínú o. Ẹ ní kò sí nǹkan kan ní Lódébárì?”

“Kò sí nǹkan kan, Màmá! Òfìfo!”

“Ó dáa. Mákírì ará Lódébárì yìí, ṣé òun kọ́ ló tún wà ní orí 17? Nígbà tí Ábúsálómù lé bàbá rẹ̀ jáde, tí Dáfídì sá dé Máhánáímù, ó wà lára àwọn mẹ́ta tó kó ibùsùn wá fún un, pẹ̀lú ìkòkò, àlìkámà, ẹ̀wà, oyin, bọ́tà àti àgùntàn. Ẹni tí kò ní nǹkan kan, níbo ló ti rí tirẹ̀ kó?”

Kíbọ́ọ̀dù dákẹ́. Dádì wúkọ́, ó nu ojú, ó wo fóònù, fóònù ò sọ̀rọ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá, àṣírí tí mo tọ́jú de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ bá mi tú yẹn.”

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ìwé ìléwọ́ tuntun ti kárí àdúgbò: “Oyin Láti Lódébárì! Ẹ mú ìgò kọ̀ọ̀kan dání.” Bó ṣe ní kí wọ́n máa pín àpòòwé, ìyá aláta tó ti san owó iwájú ọkọ̀ nawọ́ sókè:

“Dádì, owó tá a fi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́sí, ṣé ẹ máa dá a padà ni, àbí a ó tún san ti àpadàlọ?”