Agboòrùn Tí Wọ́n Fọ̀ Títí Tó Fi Ń Jò

Agboòrùn ọgbà ni agboòrùn ńlá tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ sí àgbàlá ilé ìtura, ibi ìnáwó àti ìdí ọtí. Òpó rẹ̀ àti egungun irin tó na aṣọ rẹ̀ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ náà ló máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí oòrùn tó ń gbà fún àlejò, ara rẹ̀ ló ń jẹ. Eruku ọyẹ́ ń bà lé e láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì. Ìgbẹ́ ẹyẹ ń ta sí i, oró inú rẹ̀ sì ń jẹ àwọ̀ aṣọ. Bí òjò bá dé, tí wọ́n ká a pọ̀ ní tútù, èbu lè hù sí i láàárín wákàtí 24 sí 48.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti gbá eruku yẹn kúrò kó tó di ẹrẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Nítorí pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, kò sẹ́ni tó ń ṣe é.

Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á pa á tì láti Kérésìmesì títí á fi ku ọ̀la tí baálé ilé máa ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún. Ìgbà náà ni wọn yóò pe ọmọ ọ̀dọ̀: “Fọ̀ ọ́ kó dà bí ọjọ́ tí a rà á.” Ọmọ náà á ní, “Ó ti parí, sà.” Á gbé omi kaná, á da bílíìṣì sí i títí ojú á fi máa ta á, á yá búrọ́ọ̀ṣì onírin lọ́wọ́ wẹ́dà, á sì dojú kọ aṣọ náà bí ìyàwó tuntun ṣe ń dojú kọ ìdí ìkòkò ìyá ọkọ. Agboòrùn tó jẹ́ búlúù láàárọ̀ á di àwọ̀ omi ògì nírọ̀lẹ́. Gbogbo ilé á kí i kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì òjò á rọ̀, agboòrùn á máa jò bí asẹ́, àwọn àlejò á máa ṣí agboòrùn ọwọ́ lábẹ́ agboòrùn ọgbà, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù á sì ti di ọbẹ̀.

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́: ọ̀dàlẹ̀ ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí bá wí. Ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀, kò sì fi ẹ̀gún kankan pa mọ́. Ojú gbogbo ayé ló ti yá búrọ́ọ̀ṣì onírin, ó làágùn kín ẹ̀yìn títí ẹ̀yìn fi bó, wọ́n sì fún un lówó ọṣẹ. Ó ṣòro láti bínú sí i. Ẹni tí ìbínú tọ́ sí ni ẹni tó ni ẹ̀yìn, tó to ìdọ̀tí ọ̀pọ̀ oṣù jọ, tó sì fẹ́ kó ṣí kúrò ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Àpò rẹ̀ gba owó màlúù àti owó olórin. Owó búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Pọliẹ́sítà ni aṣọ ọ̀pọ̀ agboòrùn olówó pọ́ọ́kú. Oògùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lójú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi wọnú òwú. Bílíìṣì àti omi gbígbóná ń ṣí i kúrò, irin sì ń já ojú ìránṣọ. Akírílíìkì tí wọ́n pa láró láti inú òwú wá lè fara da bílíìṣì díẹ̀ tí wọ́n fi omi là. Wọ́n máa ń kọ irú aṣọ tó jẹ́ sára lébẹ́ẹ̀lì pélébé tí wọ́n rán mọ́ etí rẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì náà sì ni àwọn tó rà á máa ń kọ́kọ́ gé sọnù.

Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ ló yẹ ẹ́. Wọ́n á ṣí agboòrùn, wọ́n á fi fóòmù fọ̀ ọ́ láti ṣóńṣó orí wá sí etí, wọ́n á jẹ́ kó rin fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n á wá ṣàn án dáadáa, torí ọṣẹ tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ ń fa omi wọlé. Ọtí kíkan tí wọ́n fi omi là wúlò fún èbu. Ní ṣíṣí ló gbọ́dọ̀ gbẹ, kó gbẹ pátápátá. Ẹ̀rọ àwọn afọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Nítòsí òkun, bíi Lẹ́kkì tàbí Àgbádárìgì, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń mú kí oríkèé irin tètè dípẹtà. Wọ́n á fi omi tí kò níyọ̀ nù ún, wọ́n á kán òróró sílíkóònù díẹ̀ sí i. Òróró ẹ́ńjìnnì kọ́ o: léèsì funfun ìyàwó ilé ni yóò kán sí. Ní ti ohun tí wọ́n fi ń tẹ ìdí agboòrùn mọ́lẹ̀, kẹ́ẹ̀gì lítà 20 tó kún fómi jẹ́ kílò 20, ti iyanrìn gbígbẹ sì tó nǹkan bí 30. Bí ìjì bá ń bọ̀, kíká ni wọ́n ń ká a. Ọkùnrin mẹ́rin kì í rọ̀ mọ́ òpó rẹ̀.

Bí wọ́n bá gbé aṣọ náà sójú oòrùn, tí ihò wínníwínní ń tàn nínú rẹ̀ bí ìràwọ̀, ìgbà rẹ̀ ti pé. Aṣọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Télọ̀ tó ń rán ìbòrí àga á fi ògbólógbòó náà ṣe ìwọ̀n, òpó àti irin á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.